Ibi tí Ogún ti Kéré sí Méjìlá

Ní gbogbo Park Forest, nítòsí Chicago, n kò mọ ẹlòmíràn tí ó gbé ìbọn kọ́ sára ògiri pálọ̀ rẹ̀ bí kò ṣe Dádì Àdùfẹ́. Ó kan ìṣó méjì sí òkè tẹlifíṣọ̀n, ó gbé ìbọn náà lé wọn, ó sì gbé àga tirẹ̀ sí ibi tí àlejò yóò fi máa wo òun àti ìbọn papọ̀. Bí àlejò kò bá tètè sọ nǹkan kan, yóò wúkọ́, yóò gbójú sókè, yóò ní, "Àbí ìbọn mi lẹ ń wò?" Àlejò tí kò wo ìbọn tẹ́lẹ̀ á wá wò ó.

Bámidélé ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í pe àgbàlagbà lórúkọ, nítorí náà Dádì Àdùfẹ́ ni mo ń pè é. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ni mo fi ń bọlá fún un. Bí n óò bá sọ òtítọ́, n kò rí nǹkan mìíràn lára rẹ̀ tí mo lè fi bọlá fún un.

Ó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù kan ní Bolingbrook. Bébà ìnudìí ni wọ́n ń kó síbẹ̀, páálí lórí páálí títí dé òrùlé. Tọ́ọ̀ṣì kan àti ìdì kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fún un. Wọn kò fún un ní ìbọn, nítorí kò sí olè tí yóò tìtorí bébà ìnudìí fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ròyìn iṣẹ́ náà, èèyàn á rò pé ibi tí Amẹ́ríkà ń kó wúrà rẹ̀ pamọ́ sí ni. "Security officer ni mí," báyìí ni ó máa ń wí. "Ilé ọdẹ ni wọ́n ti bí mi. Ṣíṣọ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa."

Lóòótọ́, ọdẹ ni bàbá rẹ̀. Abúlé kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn ni bàbá náà ń gbé, gbogbo agbègbè ibẹ̀ ni ó sì mọ ìró ṣakabùlà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kékeré ni Dádì Àdùfẹ́ wà tí ó fi kúrò lábúlé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tí ó ń ta aṣọ ní Ìbàdàn ni ó dàgbà sí, láàárín àǹkárá àti léèsì, láti ibẹ̀ ni ó sì ti bọ́ sí Chicago. Ọmọ ẹja ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú agolo sadíìnì ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà.

Mọ́mì Àdùfẹ́, tí orúkọ wọn ń jẹ́ Sìmíátù, nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Lọ́jọ́ tí ọkọ wọn gbé ìbọn náà wọlé láti ọjà àlòkù kan lójú ọ̀nà Indiana, Àdùfẹ́ wà níbẹ̀, òun ni ó sì sọ fún mi.

"Bàbá Àdùfẹ́, kọ́tìnnì ni mo ní kí ẹ rà."

"Ọkùnrin kì í ra kọ́tìnnì."

"Ìbọn ló ń rà? Kí lẹ fẹ́ fi yìn? Ọ̀kẹ́rẹ́ ẹ̀yìnkùlé?"

"Nǹkan ogún ìdílé ni. Kò lè yé ọ."

"Ó yé mi. Bí nǹkan yìí bá máa bá wa gbélé, ẹnì kan nínú wa gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Ẹgbẹ́ àwọn ọdẹ kan ní ọgbà lẹ́yìn Monee, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kọ́ èèyàn lọ́jọ́ Saturday. Ẹ lọ."

Dádì Àdùfẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Èmi? Kí Òyìnbó máa kọ́ èmi níbọn? Ta ní ń kọ́ ọmọ ẹja ní odò wíwẹ̀? Ní kí Àdùfẹ́ lọ, òun ni kò mọ nǹkan kan."

Bẹ́ẹ̀ ni Àdùfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ọ̀rẹ́ mi ni, kíláàsì kan náà ni a sì wà ní high school. Bàbá rẹ̀ a fi mọ́tò gbé e dé ẹnu ọ̀nà ọgbà náà, a sì yí padà kíákíá kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé òun ni ó wá kẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó ń kọ́ wọn ni Mr. Dahl, bàbá arúgbó kan tí ó ti fi iṣẹ́ pínpín lẹ́tà fẹ̀yìn tì. Àdùfẹ́ ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn kò fi ìbọn kankan hàn wọ́n. Òfin nìkan ni wọ́n kọ́: kí a ka gbogbo ìbọn sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀, kí a má ṣe na ìbọn sí ohun tí a kò fẹ́ pa, kí a mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ohun tí a fẹ́ yìn. Nígbà tí ó délé tí ó ka òfin náà fún bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ ní òfin ojo ni.

Ní oṣù September, Mísíìsì Novak, olùkọ́ wa, ní kí a pín ara wa sí méjì méjì, kí ẹni méjì mú ohun kan tí wọ́n ń kọ́ níta ilé ìwé, kí wọ́n sì fi hàn bí ó ṣe so mọ́ àwọn iṣẹ́ tí a ń ṣe ní kíláàsì. Àwọn kan mú bọ́ọ̀lù, àwọn kan mú àkàrà òyìnbó yíyan. Èmi ì bá fẹ́ kí a mú oúnjẹ sísè. Ṣùgbọ́n Àdùfẹ́ ti nawọ́ sókè: "Ìbọn." Gbogbo kíláàsì yíjú sí wa, mo sì wo tábìlì mi. Mísíìsì Novak bi í bóyá ìbọn yíyìn ni ó ń sọ. Ó ní rárá o, bí èèyàn kò ṣe ní fi ìbọn pa ara rẹ̀ ni. Mísíìsì Novak ní ó dára.

Orí tábìlì oúnjẹ wọn ni a ti ṣe iṣẹ́ náà, ní abẹ́ ìbọn orí ògiri. Iṣẹ́ náà wá dùn mọ́ mi ju bí mo ti rò lọ. Physics sọ fún wa ìdí tí ìbọn fi ń ta èèyàn léjìká sẹ́yìn, àti pé ohun tí a bá yìn sókè gbọ́dọ̀ wálẹ̀ síbì kan, bóyá sórí ọmọ ẹni tí a kò mọ̀. Nínú ẹ̀kọ́ ìlera a rí ohun tí ìró ìbọn ń ṣe sí etí. Nínú ẹ̀kọ́ òfin ìlú a rí i pé village ni ìjọba ń pe ìlú kékeré bíi Park Forest, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìnbọn láàárín àwọn ilé tí a ń gbé yìí.

Èyí tí ó ṣòro jù fún mi ni ti ìṣirò. Àdùfẹ́ ní irú ìbọn bíi ti bàbá òun ní nọ́ńbà, ọta rẹ̀ náà ní nọ́ńbà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Méjìlá ni wọ́n kọ sára ti bàbá rẹ̀. Nọ́ńbà náà wá láti ayé àtijọ́: bí wọ́n bá mú òjé oníwọ̀n pọ́n-ùn kan, tí wọ́n pín in sí roboto méjìlá tí ó dọ́gba, roboto kan nínú rẹ̀ ni yóò wọ ẹnu ìbọn onínọ́ńbà méjìlá ṣìnkún. Bí wọ́n bá pín in sí ogún, ìkọ̀ọ̀kan á kéré sí i. Nítorí náà ìbọn ogún kéré sí ìbọn méjìlá. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi àwọ̀ yẹ́lò ṣe ọta ti ogún, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi í pe òmíràn. Mo ya méjèèjì sínú pépà ńlá wa, mo fi pẹ́ńsù pupa kun ti méjìlá, mo fi yẹ́lò kun ti ogún.

Dádì Àdùfẹ́ gbọ́ wa láti orí àga rẹ̀.

"Kí lẹ̀yin méjèèjì ń kùn bí oyin níbẹ̀ yẹn?"

"Project ni, Dádì. Ìbọn àti math."

"Ìbọn àti kí ni?" Ó pariwo sí kíṣìnnì. "Sìmí! Sìmí, wá gbọ́ o! Ìbọn ti wọ algebra! Bàbá mi tí ó pa ẹfọ̀n, ṣé ó mọ A yàtọ̀ sí àtẹ̀gùn?"

"Dádì, ẹ kàn wò ó ná. Bí wọ́n bá pín òjé pọ́n-ùn kan sí ọ̀nà—"

"News ni mò ń wò."

Kì í ṣe news. Ìjàkadì ni, àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n wọ pátá dídán, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni pé wọ́n ń lu ara wọn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n pè é láti ilé pé bàbá rẹ̀ kú. Èmi àti ìyá mi gbé ọbẹ̀ lọ kí wọn. Orí ilẹ̀ ni ó jókòó sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ń bẹ lára ògiri, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré. N kò ní fi ẹkún yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, ẹkún gidi ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ohun tí òun sì rí láàárín ẹkún náà ni ìbọn tí ó wà lókè orí rẹ̀.

Àṣà ìdílé wọn ni pé gbogbo ọmọkùnrin tí ọdẹ bá bí ni yóò yin ìbọn méje fún un kí àdúrà ogójì ọjọ́ tó parí. Ẹni tí kò bá yìn ín, wọ́n á ní kò sin bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà nílé, Adéwọ̀yìn, ọmọ ìyálé, rán an létí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ sì ń dún jáde dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa.

"Àwa ti yìn tiwa níbi ìsìnkú. Tìrẹ ńkọ́, ará Amẹ́ríkà? Àbí dọ́là lo máa yìn?"

Kò lè lọ sílé. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde. Bí ó bá kúrò, kò ní lè wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n ó nu ojú, ó dìde dúró, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ní ìbọn tèmi. N óò yìn ín, n óò gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ lù ú létí gbogbo ọdẹ lọ́jọ́ náà. Ẹ óò gbọ́ mi."

Alhaji Sàláhúdéènì ni yóò mú kásẹ́ẹ̀tì náà lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, Oak Park ni ó ń gbé, takisí ni ó ń wà ní Chicago, ó sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n fi ọ̀sán Sunday sí i. Láti ọjọ́ náà títí di Sunday, Àdùfẹ́ kò dákẹ́.

"Dádì, ẹ jẹ́ kí á lọ sọ́dọ̀ Mr. Dahl. Ẹ̀yìnkùlé kọ́ ni wọ́n ti ń yìnbọn. Ó lòdì sí òfin village."

"Kí lo mọ̀ nípa village? Village ni wọ́n bí mi sí!"

"Bí ọlọ́pàá bá dé ńkọ́? Ìwé tí ẹ ń retí ńkọ́?"

"Ìbọn méje kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Kí wọ́n tó wọ bàtà, mo ti parí."

Nígbà tí Sunday dé, wọ́n to àga sí orí koríko ẹ̀yìnkùlé. Dádì Àdùfẹ́ wọ bùbá àti ṣòkòtò, ó dé fìlà, ó sì di bẹ́líìtì iṣẹ́ Bolingbrook lé e, tọ́ọ̀ṣì sì ń fì ní ìbàdí rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Alhaji gbé téèpù rẹ́kọ́dà sórí ìjókòó kan. Àdùfẹ́ wà nínú ilé, ó ń fi fóònù wá Mr. Dahl. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, mo gbé abọ́ ẹ̀pà lọ́wọ́.

Dádì Àdùfẹ́ ṣí páálí ọta tuntun. "Mo dé ilé ìtajà láàárọ̀, wọ́n bi mí pé èwo. Mo ní èwo ni wọ́n ní? Wọ́n ní méjìlá wà, ogún wà. Mo ní ẹ fún mi ní ogún. Bàbá mi kì í ṣe ẹni méjìlá!"

"Lágbára Ọlọ́run!" ni Alhaji wí. "Ogún ló tọ́ sí wọn. Ká ní wọ́n ní ogójì, èmi ì bá ní kó o gbé ogójì."

Àwọ̀ yẹ́lò ni àwọn ọta náà. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo ronú kan pẹ́ńsù tí mo fi kun pépà wa, mo gbé abọ́ ẹ̀pà sílẹ̀, mo sì sáré wọlé lọ pe Àdùfẹ́.

Kí a tó jáde, ó ti ki ọ̀kan bọ inú ìbọn, ó sì ti tẹ téèpù. "Bàbá mi! Ọmọ yín Bámidélé nìyí, láti ìlú Chicago! Ọmọ ọdẹ kì í gbàgbé! Ìkíní nìyí!" Ó na ìbọn sókè, ó fà á.

Kò sí ìró. Káú, bí ẹni ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.

Alhaji tẹ́tí. "Ó ti dún ni?"

"Kò tíì dún."

Ó wá ṣe ohun tí ọmọ ọdún méjìlá kan kì í ṣe ní kíláàsì Mr. Dahl. Ó yí ìbọn náà padà, ó sì yọjú wo inú ẹnu rẹ̀. Mọ́mì Àdùfẹ́ kígbe. Ó ní kí wọ́n má pariwo, téèpù ń gbà á. Ó ṣẹ́ ìbọn náà sí méjì níbi tí ó ti máa ń ṣí, láti wo ibi tí ọta ń wọ̀: ibẹ̀ ṣófo.

"Ó ti bọ́ sílẹ̀ ni," ni ó wí.

"Àbí bí ìbọn ọdẹ gidi ṣe ń ṣe nìyẹn?" ni Alhaji wí. "Kì í pariwo kí ẹran má bàa sá."

Ẹni tí ó ta ìbọn náà fún un ti fi ọta méjì ṣe ènì, pupa ni àwọn yẹn. Ó yọ ọ̀kan jáde nínú àpò, ó fi í sí ibi tí ó ṣófo náà. Ìgbà yẹn ni Àdùfẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí koríko, orúnkún méjèèjì, bí ọmọ tí ń kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé ojú ibi tí ìbọn ti ṣẹ́ sí méjì, tí kò fi lè pa á dé.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Ọta àkọ́kọ́ dà?"

"Mo ní ó bọ́ sílẹ̀! Dìde níbẹ̀! Ṣé o rí i pé mò ń sọ̀rọ̀ sínú téèpù?"

"Ẹ bá mi wá a."

Koríko náà rẹ̀lẹ̀ bí irun orí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun, nítorí òun àti Òyìnbó ilé kejì ń fi koríko gígẹ̀ bá ara wọn díje. Ọta yẹ́lò kò lè sọnù nínú rẹ̀. Gbogbo wa wò, a kò rí i.

Àdùfẹ́ yọ ọta pupa náà, ó kó o sí àpò. "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo inú ihò rẹ̀ láti ẹ̀yìn níbí. Ó yẹ kí ẹ rí ojú ọ̀run láti ìdí dé ẹnu."

Alhaji ṣí fìlà, ó di ojú kan, ó bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó dìde, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Bámidélé, òkùnkùn ni mo rí o."

"Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló há síbẹ̀," ni Àdùfẹ́ wí. "Ó kéré fún ìbọn yìí, ló ṣe yọ̀ lọ sínú. Bí ẹ bá yin pupa lé e lẹ́yìn, ìbọn náà á bẹ́ mọ́ yín lójú."

Gbogbo àga sún sẹ́yìn. Èyí tí ó sún jìnnà jù ni ti Alhaji, ẹni tí ì bá ra ogójì.

"Báwo ni ogún ṣe máa kéré sí méjìlá?" ni Dádì Àdùfẹ́ bi í. Ìbínú wà nínú ohùn rẹ̀, bí ẹni pé Àdùfẹ́ ni ó ṣe òfin náà.

"Dádì, bí ẹ bá pín búrẹ́dì kan fún èèyàn méjìlá, tí ẹ sì pín ìkejì fún èèyàn ogún, àwọn wo ni tiwọn á tóbi jù?"

Alhaji, tí ó máa ń pín ẹran Iléyá fún wa lọ́dọọdún, mi orí díẹ̀díẹ̀.

Saturday tí ó tẹ̀ lé e, a lọ sọ́dọ̀ Mr. Dahl, èmi náà bá wọn lọ nítorí project wa. Wọ́n ti kórè àgbàdo ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mr. Dahl fi ọ̀pá igi tì í láti ẹnu ìbọn, ọta yẹ́lò náà sì jábọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Àdùfẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bàbá àgbà fún un, ó ṣí fìlà. Ó ní bàbá òun náà ni ó kọ́ òun níbọn. Ó ní kí Dádì Àdùfẹ́ yìn ín níbẹ̀, méje, mẹ́wàá, iye tí ó bá wù ú. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù: ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì gba ẹ̀kọ́ náà kò gbọdọ̀ yìnbọn nínú ọgbà. Ṣùgbọ́n kíláàsì kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí. Wákàtí mẹ́ta ni. Bí ó bá jókòó síbẹ̀, ní ọ̀sán ìbọn náà di tirẹ̀.

Dádì Àdùfẹ́ wo kíláàsì náà. Abẹ́ àtíbàbà kan ni, àwọn ọmọ kéékèèké sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kúkúrú. Ọ̀kan ń jẹ dónọ́ọ̀tì, ṣúgà kún imú rẹ̀.

"Kí n jókòó sáàárín àwọn wọ̀nyí?"

"Ẹ jókòó," ni Mọ́mì Àdùfẹ́ wí.

"Bí Adéwọ̀yìn bá gbọ́ ńkọ́?"

"Ta ló máa sọ fún un? Ọmọ tó ń jẹ dónọ́ọ̀tì yẹn? Wákàtí mẹ́ta, Bàbá Àdùfẹ́. Bàbá tó bí yín ni. Ẹ ti jókòó ju bẹ́ẹ̀ lọ nídìí ìjàkadì."

Fún ìgbà díẹ̀ mo rò pé yóò lọ. Ó tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan. Ọmọ oníṣúgà náà sì sún, ó fi ọwọ́ lu bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ pé kí ó wá jókòó.

Dádì Àdùfẹ́ di èjìká rẹ̀ mú. "Èjìká yìí ti ń dùn mí láti ibi iṣẹ́. Kí Àdùfẹ́ yìn ín. Èmi ni mo bí i, ohun tí ó bá yìn, èmi ni mo yìn ín."

Èjìká kan náà ni ó fi gbé ìbọn lọ́jọ́ Sunday, kò dùn ún nígbà náà. Mọ́mì Àdùfẹ́ wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n lọ jókòó sínú mọ́tò.

Àwo amọ̀ kékeré ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ jù sí òfurufú nínú ọgbà náà, kí èèyàn máa yìn ín. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó fẹ́ yìn ni yóò kígbe "Pull!" kí wọ́n tó jù ú. Dádì Àdùfẹ́ ní kí ó má kígbe, nítorí téèpù. Mr. Dahl ní bí kò bá kígbe, kò sí ìbọn. Bẹ́ẹ̀ ni Àdùfẹ́ ṣe kígbe, ìbọn sì dún. Ó dún lórí oko tí wọ́n ti kórè, ó lọ jìnnà, ó tún padà wá. Bàbá rẹ̀ gbé téèpù sí ẹnu ara rẹ̀, ó ń ké láàárín ìró kan àti òmíràn: "Ìkejì nìyẹn, Bàbá mi! Bámidélé kò gbàgbé yín o!" Ẹnu kì í dun èèyàn bí èjìká.

Nígbà tí ìkeje dún, Àdùfẹ́ ṣẹ́ ìbọn náà sí méjì, ó wò ó bóyá ó ṣófo, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹnu rẹ̀ sí ibi tí èèyàn kò sí. Ìgbà tí ó parí gbogbo ìyẹn ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kò rí bàbá àgbà náà rí láyé rẹ̀, àfi nínú fọ́tò.

Alhaji mú kásẹ́ẹ̀tì náà lọ. Nígbà tí ó padà dé ní November, ó mú òmíràn bọ̀ láti ilé. Dádì Àdùfẹ́ pe gbogbo wa sí pálọ̀ kí a wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí i. Ó gbé téèpù sórí tẹlifíṣọ̀n, lábẹ́ ìbọn, ó yí ohùn rẹ̀ sókè.

Ìyá àgbà kan ni ó ń sọ̀rọ̀, Ìyá Adéòkè, àbúrò olóògbé. Àwọn adìyẹ ń ké lẹ́yìn wọn.

"Bámidélé, a gbọ́ ìbọn o. Ó dún, ó ròkè. Ọlọ́run á fi ọ̀run kẹ́ Bàbá. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọbìnrin tó ń kígbe kí ìbọn tó dún? Adéwọ̀yìn ní ìwọ ni, pé òtútù Amẹ́ríkà ló sọ ohùn rẹ di tínrín."

A gbọ́ ẹ̀rín ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn nínú téèpù náà. Alhaji wo ilẹ̀.

"Olórí ọdẹ ní kí wọ́n tún un lù. Wọ́n tún un lù, wọ́n tún un lù. Ó ní ẹni tó ń kígbe lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń dákẹ́ kí ìbọn tó dún, òun ló yìn ín. Ó ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́ yẹn kò sí nídìí ìbọn. Àwọn kan ní obìnrin ni, pé kò lè kà. Ó ní ìbọn tó dún ti dún. Wọ́n gbà á. Àdùfẹ́ ọmọ mi, Alhaji ti sọ fún wa pé ìwọ ni, wọ́n sì pe orúkọ rẹ mọ́ àwọn tó sin Bàbá wa. Orí ẹ á gbé ọ. Bámidélé, wọ́n ní kí n sọ fún ẹ pé àwọn ṣì ń retí tìrẹ."

Dádì Àdùfẹ́ dìde, ó tẹ téèpù náà pa.

"Kò tíì tán o," ni Alhaji wí.

"Bátìrì ló lọ sílẹ̀."

Wáyà téèpù náà ń bẹ lára iná ògiri. Gbogbo wa ni a rí i.

Mísíìsì Novak fún èmi àti Àdùfẹ́ ní A. Ó ní ibi tí a fi búrẹ́dì ṣàlàyé ìṣirò ni ó dára jù. Ìbọn náà ti kúrò lára ògiri. Mọ́mì Àdùfẹ́ ra àpótí onírin, wọ́n tì í mọ́ inú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Kàlẹ́ńdà ni ó wà lórí ìṣó báyìí. Bí àlejò tí kò gbọ́ téèpù náà bá dé, Dádì Àdùfẹ́ yóò wúkọ́, yóò ní, "Ìbọn wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo kọ́ Àdùfẹ́."

Àdùfẹ́ ń ran Mr. Dahl lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọdé lọ́jọ́ Saturday. Bàbá rẹ̀ ṣì ń fi mọ́tò gbé e lọ, ṣùgbọ́n kì í yí padà mọ́. Ó máa ń pa mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà náà gan-an, a sọ gíláàsì kalẹ̀, a sì jókòó síbẹ̀ títí kíláàsì yóò fi parí, yìnyín sì ń bọ́ sí i lórí ẹsẹ̀. Àdùfẹ́ bi í bóyá òtútù kò mú un. Ó ní afẹ́fẹ́ lòun ń gbà.

Mr. Dahl ti gbé àga kan wá sí ẹ̀yìn kíláàsì, àga ńlá, irú èyí tí àgbàlagbà lè jókòó sí. Ó wà níbẹ̀ láti Saturday mélòó kan sẹ́yìn. Àwọn ọmọdé kì í jókòó sí i, wọ́n mọ ẹni tí ó ni ín. Láti ibẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò náà kò jìnnà. Dádì Àdùfẹ́ kò tíì sọ̀kalẹ̀.